Eérú Tí Mo Gbá

Ìgbálẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílẹ̀ Ítálì, ìgbálẹ̀ lásán, ohun tí ọmọ obìnrin ilé wa ti ń mú lọ́wọ́ kí ó tó mọ ìró ró. Ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ní Ìkirè ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí. Wọ́n ń dín dòdò níwájú ilé, òórùn ata àti epo ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá bá mi, mo sì lè fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín báyìí. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ irú ẹni tí mo jẹ́. Ojo ni mí, láti kékeré. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àpòmù, ni mo gbé títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ni wọ́n sin bàbá àgbà sí, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù a sì máa jókòó lé e jẹun. Èmi ò jẹ́ kọjá níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àfi tí mo bá di etí ìró Màmá mú. Màmá á ní, "Ọkọ mi ló wà níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ẹkùn." Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Irú èmi yìí ni Ọlọ́run wá fún níṣẹ́ ìtú ilé àwọn òkú.

Bí mo ṣe dé Ítálì kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ṣáà dé. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ìlú kékeré orí òkè ni, gbogbo ilé ló máa ń ti fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan, bí ìgbà tí wọ́n ń sá fún nǹkan tí wọn kò sọ fún mi. Mo máa ń kí àwọn tí mo bá pàdé lójú ọ̀nà, torí n kò lè rí àgbàlagbà kí n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn kan á dáhùn, àwọn mìíràn á di báàgì wọn mọ́ra. Nígbà tó pé oṣù méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ tí mo bá ń rìn. Èmi náà nìyẹn o, tí ìyá mi máa ń bá wí pé ìkíni mi ti ń pọ̀ jù.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Bísí ni mo ń gbé. Ọmọ Gbọ̀ngán ni wọ́n, wọ́n ti lo ọdún mọ́kànlá nílùú náà, arúgbó kan ni wọ́n ń tọ́jú. Àwọn ló kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì àti ibi tí mo ti máa rí ata tó ta lẹ́nu. Àwọn náà ló fún mi ní òfin kan tí mo dì mú bí ẹ̀sìn. Wọ́n ní, "Ṣe iṣẹ́ ẹ, kí o máa bọ̀ nílé. Má jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ síbì kankan. Orúkọ tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń wá." Wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan rí lójú àwọn. N kò bi wọ́n léèrè ẹni náà, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n bi wọ́n.

Lẹ́bàá ìlú yẹn, láàárín oko igi ólífì, àwọn awalẹ̀pìtàn ń hú ìlú mìíràn jáde, ìlú tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ kọ́ tí ilẹ̀ sì ti bò mọ́lẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì, àti ilé páànù tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbá a kí n sì máa nù ún. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ géètì sì wà lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ yẹn dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Nílẹ̀ tí àwọn kan ti ń di báàgì mọ́ra tí wọ́n bá rí mi, ẹnì kan gbà mí gbọ́ dé ibi tó fi fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ kejì ni mo pàdé Bàbá Pétérù, olórí àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n kúrú, ọwọ́ wọn le bí èèpo igi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n sáré wá fà mí dìde, wọ́n ní kí ẹnì kan tètè gbé omi wá. Nígbà tí mo ṣàlàyé pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè tí mo gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní kí n máa pe àwọn lórúkọ bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo fi Bàbá sí i níwájú, ó sì mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu níbẹ̀, tó fi dórí ọ̀gá wa, obìnrin kan tí èmi àtirẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Nígbà tí ọwọ́ kò tó, ọ̀gá ní kí n máa bá wọn fọ àfọ́kù ìkòkò lọ́sàn-án. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín la fi ń fọ̀ ọ́. Mo fi Ìkirè sílẹ̀ nítorí àtijẹ, mo wá ń fọ eyín fún ìkòkò tó ti fọ́. Bàbá Pétérù a máa jókòó tì mí, wọ́n á máa pìtàn, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ èdè náà díẹ̀díẹ̀.

Bàbá àgbà wọn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kan náà rí. Láyé ìgbà yẹn, díígà àti ṣọ́bìrì ni. Ère òkúta, owó wúrà àti òkúta aláràbarà ilẹ̀ ilé àwọn olówó ni àwọn ọ̀gá ń wá. Bí wọ́n bá ti kan ògiri, wọ́n á tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé ihò òkété, ohun yòówù tó bá wà láàárín á wọ inú kẹ̀kẹ́, ó di orí òkìtì. Egungun, àfọ́kù, eérú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dànù. Òkìtì náà ṣì wà níbẹ̀, igi ti hù lórí rẹ̀, ó ga ju ilé wa lọ. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà jọ̀ ọ́ pẹ̀lú asẹ́, wọ́n sì ń rí ìtàn nínú ohun tí wọ́n pè ní pàǹtí.

Nígbà tí Bàbá Pétérù fúnra wọn fi máa wọ iṣẹ́ náà, ọ̀nà ti yí padà. Wọ́n ti ń fi okùn pín ilẹ̀ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á fi ìgànná ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàárín kí wọ́n lè rí bí ilẹ̀ ṣe tò léra. Ti òde òní tún wá yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ki irin bọlẹ̀, wọ́n á ti ẹ̀rọ kan lọ bọ̀ lórí koríko, ògiri tó wà lábẹ́ ilẹ̀ á sì hàn lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n á fi dúróònù ya àwòrán láti òkè. Ìgbà yẹn la tó máa kúnlẹ̀ pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ kékeré, irú èyí tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri, a óò máa ha ilẹ̀ bí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣe ń yí padà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti fọ́ọ̀mù tirẹ̀. Wọ́n sì máa ń fi apá kan ilẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn, bí àgbẹ̀ ṣe ń ya èbù iṣu sọ́tọ̀, fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó lè ní ọgbọ́n jù wọ́n lọ. Ìyẹn wú mi lórí púpọ̀.

Ohun tí kò wú mi lórí ni ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè ẹni tó ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá ha ilẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀gá, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ inú kòtò pé kí n máa bá wọn ha ilẹ̀, mo ní ọwọ́ mi kò tíì yá nínú kíkọ èdè wọn, Bàbá Pétérù sì ń fi orúkọ tiwọn dí tèmi.

Àwòrán kan wà lára ògiri ọ́fíìsì, ti ayé ijọ́un. Àwọn òṣìṣẹ́ tò yí ère kan ká tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú. Wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá tó dé fìlà sísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ère. Àwọn tó gbẹ́ ẹ, "àwọn lébìrà" ni wọ́n kọ. Bàbá Pétérù na ìka sí ẹni kẹta lápá òsì. Wọ́n ní, "Bàbá mi àgbà nìyẹn. Wọ́n lo ayé wọn níbí. Ère lórúkọ, àwọn ò lórúkọ." Ó dùn wọ́n gan-an. Èmi, nínú ọkàn mi, mo ní ó mà dára fún bàbá àgbà yẹn o, kò sí ẹni tó máa wá a kiri.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí egungun yọ lábẹ́ ọwọ́ mi, n kò mọ bí mo ṣe dé ẹ̀yìn ilé páànù. Egungun ewúrẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè jẹ ẹran ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Mo máa ń pe ìyá mi lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n bá wà nídìí agbada lẹ́bàá títì. Màá máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ àti ohùn àwọn tó ń ra dòdò. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ ni mo ń wà, wọ́n ní kí oníbàárà kan dúró ná. Wọ́n wá ní, "Ṣé ilẹ̀ tán ní Ìkirè ni?" Mo ṣàlàyé títí, mo ní ilé àwọn tó ti kú tipẹ́ la ń wá. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra, pé àwọn onílé lè ṣì wà nílé.

Orí fóònù yìí kan náà ni mo ti gbọ́ pé Màmá Àpòmù ti kú. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde nígbà yẹn. Bí mo bá lọ sílé, n kò ní lè padà. Wọ́n sin wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì wò ó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo ń fọ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò ríran lọ́jọ́ yẹn.

Ìwé náà jáde nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó máa parí. Kí wọ́n tó fún mi ní òmíràn, àfi kí ọ̀gá wa fún mi ní lẹ́tà pé iṣẹ́ mi ń tẹ̀síwájú. Láìsí lẹ́tà kò síwèé, láìsí ìwé n kò ní rí ìyá mi, ọdún kẹrin sì nìyẹn tí n kò tíì fojú kàn wọ́n. Ọ̀gá ní ìparí oṣù lòun máa fọwọ́ sí lẹ́tà gbogbo wa. Ẹ̀rù wá sọ mí di nǹkan mìíràn. Bí fóònù bá dún, màá yí i dojú bolẹ̀. Bí mo bá rí aṣọ ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán, mo máa ń yà síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni fẹ́ rajà. Ọjọ́ kan, mo dúró pẹ́ títí kí n tó rí i pé pósí ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la kan ilé ìdáná kan. Wọ́n fi bíríkì mọ ààrò rẹ̀, ìkòkò kan fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eérú sì kún inú rẹ̀ bí ẹni pé onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni. Ọ̀gá kó gbogbo wọn jọ, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ eérú ń bọ̀ láti yunifásítì ní ọjọ́ kejì, òun ló máa bù ú ní ṣíbí ṣíbí, tí á sì máa sàmì sí ibi tó ti bu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá Pétérù fi tapólì bò ó, wọ́n gbé òkúta lé etí rẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀. Mo ń fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ilé páànù. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo dé ni pé àlejò pàtàkì ń bọ̀ lọ́la.

Ìjì jà mọ́jú. Nígbà tí mo ṣí géètì láàárọ̀, afẹ́fẹ́ ti gbé tapólì kọ́ sórí igi ólífì, ó ti fọ́n lára eérú náà ká ilẹ̀, ewé ti kún inú ààrò. Àlejò sì ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lọ́wọ́ irú Màmá tèmi, ẹ ti mọ ohun tó kù. Àlejò kì í bá eérú àná nínú ààrò Màmá Àpòmù láéláé, ẹni tó bá jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ kò ní jẹun àárọ̀. Ọwọ́ mi kò dúró gbàṣẹ lọ́dọ̀ orí mi. Mo mú ìgbálẹ̀ àti ike ìkólẹ̀, mo wọ inú kòtò.

Mo gbá a mọ́ féfé. N kò da eérú náà nù, torí a kì í da eérú nù nílé wa. Eérú èèpo kòkó ni Màmá fi ń ṣe ọṣẹ dúdú títí wọ́n fi kú. Wọ́n kọ́ wa pé eérú funfun tó wà lókè, tó jó dáadáa, lèyí tó dára fún ọṣẹ. Dúdú tó wà nísàlẹ̀, tí èédú ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a kó o sí. Mo kó funfun sínú ọ̀rá kan, mo kó dúdú sínú òmíràn, mo so wọ́n lẹ́nu, mo kó wọn sẹ́yìn àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì mi. Mo rò pé màá fi fọ ìdí ìkòkò Àǹtí Bísí. Lẹ́yìn náà mo dúró wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ọ̀gá dé pẹ̀lú àlejò. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó wo inú ààrò. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka kan kàn án, ó gbé ìka náà sókè, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Kò pariwo. Ó bi Bàbá Pétérù bóyá òkúta tí wọ́n gbé lé tapólì tó. Bàbá wo tapólì lórí igi, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní bóyá kò tó, pé ọwọ́ àwọn ti ń gbàgbé nǹkan lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Gbogbo ènìyàn gbà pé afẹ́fẹ́ ló gbé eérú náà lọ.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Eérú náà gan-an ni àlejò wá wò. Mo la ẹnu kí n jẹ́wọ́. Lẹ́tà mi ni mo ń rò. Mo pa ẹnu náà dé, mo lọ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí àlejò ń sọ kó tó lọ. Ó ní láyé àtijọ́, eérú ló ń kọ́kọ́ dé orí òkìtì. Ní báyìí, inú eérú ni wọ́n ti ń mọ ohun tí ènìyàn jẹ, igi tó dá, àti ìgbà tí iná náà kú. Ó ní ohun tó bá ti kúrò nípò rẹ̀ dà bí ọmọ tó sọnù, o lè rí i, ṣùgbọ́n o kò ní mọ ilé tó ti wá. Gbólóhùn yẹn dúró sí mi láyà. Èmi náà ti kúrò nípò mi, kí ni wọ́n lè mọ̀ nípa mi nílẹ̀ yìí ju pé mo dúdú, mo sì ń gbálẹ̀?

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, mo ṣì gbé e pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ilé páànù, màá sáré ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Bàbá Pétérù kò pìtàn mọ́. Wọ́n ń so gbogbo okùn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tún padà lọ wò ó. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ọ̀gá pé àwọn máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù, kí àwọn má tún lọ ba nǹkan mìíràn jẹ́. Oúnjẹ tó wà lẹ́nu mi di yanrìn.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo pe ìyá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á ní kí n fẹnu mọ́nu, pé ayé le. Wọ́n bi mí bí bàbá náà ṣe dàgbà tó. Mo sọ fún wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ju ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ní,

"Wọ́n ń bá àgbàlagbà wí torí ẹ, o wá ń jẹun?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Wọ́n máa lé mi ni. Mi ò ní ríwèé gbà. Mi ò ní lè wálé wá wò yín."

"Tí o ò bá wálé wá wò mí, mo lè fara dà á," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kí o wálé, kí n máa wo ojú ẹni tó jẹ́ kí arúgbó ru ẹrù ẹ̀, ìyẹn ni mi ò lè ṣe. Lọ sọ fún wọn. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀."

Wọ́n gé fóònù. Ìyá mi kì í gé fóònù mọ́ mi létí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé ọ̀rá méjèèjì, mo kọrí sí ọ́fíìsì. Ibẹ̀ kò ju ìṣísẹ̀ ọgọ́ta lọ, ó dà bí ìgbà tí mo ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkirè lọ sí Gbọ̀ngán. Ọ̀gá wà níbẹ̀, Bàbá Pétérù náà wà níbẹ̀, wọ́n jọ ń wo ìwé kan. Mo kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Bàbá kò rò pé mo ṣubú. Mo gbé ọ̀rá méjèèjì síwájú wọn, mo ní kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í ṣe Bàbá, èmi ni. Mo tún un sọ.

Ọ̀gá tú ẹnu ọ̀rá méjèèjì, ó wo inú wọn. Ó bi mí ìdí tó fi jẹ́ ọ̀rá méjì. Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá Àpòmù fún un, mo sọ ọ̀rọ̀ ọṣẹ, mo sọ ìdí tí a kì í fi í po funfun mọ́ dúdú. Ó ní èwo ló wà lókè? Mo ní funfun. Ó ní ṣé ó dá mi lójú? Mo ní bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú.

Ó wá bínú. Ó ní ohun tí mo bàjẹ́ kò ní àtúnṣe, pé kò sẹ́ni tó tún lè mọ igun tí ẹyọ kan ti wá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fa fọ́ọ̀mù ààrò náà yọ, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti orí ìjì títí dórí ọ̀rá, kí ẹni tó bá kà á lọ́la má baà ṣìnà. Mo kọ ọ́. Èdè náà wọ́, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tó ṣe é, ọwọ́ mi dúró. Ohùn Àǹtí Bísí ń dún létí mi. Orúkọ tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń wá.

Bàbá Pétérù rí i. Wọ́n wo àwòrán ara ògiri, wọ́n wo èmi náà.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Bàbá mi àgbà ì bá fi oko ólífì wọn tọrẹ, kí ẹnì kan ṣáà kọ tiwọn."

Mo kọ ọ́, orúkọ tí wọ́n sọ mí ní ọjọ́ kẹjọ, àti orúkọ bàbá mi lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó nílé páànù títí ara mi fi balẹ̀.

Wọn kò lé mi. Wọn kò sì sọ pé wọn kò ní lé mi, ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi dúró. Láàárín rẹ̀, wọ́n da eérú náà sínú omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, kí èyí tó fúyẹ́ lè léfòó. Nínú ọ̀rá funfun, hóró èso ọ̀pọ̀tọ́ ló jáde. Nínú dúdú, ẹ̀wà tó jóná lẹ̀ mọ́ra wọn, pẹ̀lú egungun ẹja. Ọ̀gá ní torí pé mo yà wọ́n sọ́tọ̀, ó kéré tán, àwọn mọ èyí tó ṣáájú. Nígbà tí oṣù parí, ó fọwọ́ sí lẹ́tà mi. Ó wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ilé páànù pé kí ẹnikẹ́ni má gbá nǹkan kan láìbéèrè. Bàbá Pétérù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pìtàn, àwọn kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti èmi àti ìgbálẹ̀.

Ìyá mi bi mí lórí fóònù ohun tó wà nínú eérú náà gan-an. Mo ní ẹ̀wà tó jóná ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn oníbàárà fi ń bi wọ́n kí ló dé. Wọ́n ní ìyàwó Róòmù náà mà ń jó oúnjẹ.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìwé tuntun jáde, mo sì ti dé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo máa padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojo ṣì ni mí. Ní pápákọ̀ òfuurufú, nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé mi wò, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo lọ sí Àpòmù. Sìmẹ́ńtì ojú oórì bàbá àgbà ti là, ti Màmá kò tíì ní ju iyẹ̀pẹ̀ lásán. Mo bi àwọn ọmọ inú ilé pé ta ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní bàbá àgbà àti Màmá. Mo bi wọ́n ní orúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n ń wo ara wọn.

Mo pe bíríkìlà. Ó po sìmẹ́ńtì, ó rẹ́ ojú méjèèjì dán, ó ní kí n jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, ó sì lọ. N kò jẹ́ kó gbẹ. Irin pẹlẹbẹ mi wà nínú báàgì, mo mú un jáde, mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, mo kọ orúkọ bàbá àgbà, mo kọ ti Màmá, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé wọ́n ṣe ọṣẹ nínú ilé yìí. Nígbà tí mo fi máa gbórí sókè, ilẹ̀ ti ṣú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, n kò sì di etí ìró ẹnikẹ́ni mú.